Inú ń bí mi lórí ọjà tó dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, àdúà wo lẹ máa ń ṣe?

Oníṣòwò_kan
Asalaamu alaykum ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ yìí ò tíì kúrò lára mi rárá. Ẹnì kan ló bá mi sọ̀rọ̀ ọjà láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, a jọ fẹnu kò, mo yáwó kún owó ọwọ́ mi kí ọjà náà lè pé, àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ kó o lọ fún un gan-an, tá a ti ń kó páálí sínú mọ́tò lọ́wọ́, ni méséèjì wọlé pé òun ti rí ẹlòmíì rà á lọ́wọ́ ẹ̀, kí n má bínú. Bó ṣe kọ ọ́ náà nìyẹn o, "ẹ má bínú". Ojú mi ṣú. Mo lu káńtà lẹ́ṣẹ̀ẹ́ tọ́wọ́ mi fi wú, mo wá kọjú sí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tí ò mọwọ́ tí ò mẹsẹ̀, mo bú u bí ẹni pé òun ló kọ méséèjì yẹn. Ó mú bírò dání, ó ń sàmì sí iye páálí tó ti wọnú mọ́tò, ó kàn dúró báyìí, bírò yẹn wà lókè ìwé, kò kọ nǹkan kan, kò sì gbé e sílẹ̀, ẹnu bírò náà ń gbọ̀n. Ìgbà tí mo rí bó ṣe ń gbọ̀n yẹn lojú tó tì mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi.

Mo ti kírun, mo ti jókòó sídìí tẹ̀sùbáà, tí mo bá ti rántí "ẹ má bínú" yẹn báyìí àyà mi á tún gbóná. Ṣé àdúà kan wà tó jẹ́ ti ìbínú ní pàtó? Ẹ̀rù ara mi ń bà mí, mi ò fẹ́ kó di pé mo lọ ká ọkùnrin yẹn mọ́lé. Ẹni tó bá ti kàn rí kó bá mi dá sí i, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá_Ìbejì
Wa alaykum salaam. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an o. Ó ti kàn mí rí, ẹni tá a jọ dáwó ṣòwò ló ń dá tiẹ̀ ṣe lẹ́yìn mi, torí náà mo mọ àyà gbígbóná tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Èyí tó jẹ́ ti ìbínú ní pàtó ni aʿuudhu billaahi minash-shaytoonir-rojiim, mo sá di Ọlọ́hun kúrò lọ́dọ̀ Ṣàítánì ẹni ẹ̀kọ̀. Ẹ má fojú kékeré wò ó torí pé gbogbo wa la mọ̀ ọ́n o. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim, ìwé méjì tí wọ́n kó hádíìsì jọ sí, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, Sulaiman ọmọ Surad ló gbà á wá, pé àwọn ọkùnrin méjì ń bú ara wọn níwájú Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ojú ọ̀kan pọ́n, iṣan ọrùn ẹ̀ wú, Ànábì wá ní òun mọ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé tó bá sọ ọ́, ohun tó ń ṣe é yẹn á lọ, ọ̀rọ̀ náà sì nìyẹn. Wọ́n lọ sọ fún ọkùnrin náà, ẹ mọ ohun tó fi dá wọn lóhùn? Ó ní ṣé wèrè ni òun ni! Mo máa ń ronú sí ọkùnrin yẹn gan-an. Oògùn ti dé etí ẹ̀, láti ẹnu Ànábì fúnra ẹ̀, ìbínú ò jẹ́ kó lò ó. Látìgbà tí mo ti ka hádíìsì yẹn ni mo ti kọ́ ara mi láti máa sọ ọ́ nígbà tí ìbínú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀, torí tó bá ti dé góńgó tán mi ò ní rántí ẹ̀, tẹ́ni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá rán mi létí pàápàá màá bínú sóun náà.

Alfa_kékeré
Jazaakillaahu khayran ìyá wa. Kí n fi díẹ̀ kún un. Tẹ́ ẹ bá wo ohun tí Ànábì ní ká ṣe nígbà tínú bá ń bí wa, ẹ ó rí i pé ẹnu àti ara ló kọ́kọ́ mú, kò tíì débi ọkàn rárá. Ẹnu, ó ní tínú bá bí ẹnikẹ́ni nínú yín kó dákẹ́, Ahmad, òun náà kó hádíìsì jọ, ló gbé e wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas. Ara, ó ní tẹ́ni tínú ń bí bá wà lórí ìdúró kó jókòó, tí ò bá lọ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìyẹn wà nínú ìwé hádíìsì Abu Dawud. Abu Dharr, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, ló gba èyí wá, ó sì lò ó fúnra ẹ̀, orí dúkìá ẹ̀ ló ti lò ó, ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín nìyẹn. Ó wà nídìí ibi tó ń fa omi sí fún ẹran ọ̀sìn ẹ̀, ẹnì kan wá bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, Abu Dharr tó wà lórí ìdúró bá jókòó, ó tún fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tó jókòó tó tún wá dùbúlẹ̀, ó wá sọ hádíìsì náà fún wọn. Ẹ fojú inú wò ó, àgbàlagbà, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lójú ẹni tó ba nǹkan ẹ̀ jẹ́, kò bìkítà ohun tí wọ́n máa sọ.

Ti omi náà wà, pé iná ni wọ́n fi dá Ṣàítánì, omi ló sì ń pa iná, kẹ́ni tínú ń bí ṣe àlùwàlá. Abu Dawud ló gbé e wá, àwọn onímọ̀ kan ní ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa ò le, àmọ́ àlùwàlá kì í ṣe ohun tó ń pa èèyàn lára, ẹ ṣe é. Èyí tí mo ń tọ́ka sí ni pé láàárín ìgbà tí méséèjì yẹn wọlé àti ìgbà tẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ẹ́ sókè, àyè kékeré kan wà níbẹ̀, àyè yẹn ni gbogbo àdúà ìbínú wà fún.

Ẹni_Ọlọ́hun_ṣàánú
Wọ́n fún mi ní Yaa Latiif nígbà kan pé kí n kà á ní ìgbà 1000 lóru, pé ìbínú á lọ, ẹni tó ṣẹ̀ mí náà á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá bẹ̀ mí. Ṣé kí n kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é síbí?

Alfa_kékeré
Ẹ má bínú sí mi o. Orúkọ Ọlọ́hun ni Al-Latiif, kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ má fi pè É. Nọ́ńbà yẹn ni mi ò rí nínú hádíìsì ìbínú kankan. Èyí tí Ànábì ní kí ọkùnrin yẹn sọ, gbólóhùn kan ni, kò ka iye kankan fún un. Nǹkan míì tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹni tínú ń bí tó wá ń ka ẹgbẹ̀rún, ó lè jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ló wà lójú ẹ̀ láti oókan dé ẹgbẹ̀rún, ó kàn ń fẹ́ná mọ́ ìbínú náà ni.

Ẹni_Ọlọ́hun_ṣàánú
Mo gbọ́ sà. Lóòótọ́ ọkàn mi kì í kúrò lára ẹni yẹn nígbà tí mo ń kà á.

Aránṣọ_Obìnrin
Tèmi, òru ló máa ń dé. Lọ́sàn-án màá ní sùúrù, tí gbogbo ilé bá sùn tán ni ọkàn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jà. Nígbà kan mo rán ọ́dà aṣọ fún odindi oṣù kan, wọ́n gbà á tán wọ́n ní ojú òwú ẹ̀ ò bára mu, àwọn ò ní san èyí tó kù. Nǹkan bí aago méjì òru mo dìde, mo mú fóònù, mo tẹ méséèjì gígùn kan sí obìnrin yẹn, mo ka gbogbo ìwà ẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mú ìyá ẹ̀ mọ́ ọn, mo mú àwọn ọmọ ẹ̀ mọ́ ọn. Ó ku kí n tẹ̀ ẹ́ kó lọ. Mo wá ní kí n ṣe àlùwàlá ná. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, iná ẹ̀ ṣì tàn, bí mo ṣe ń fọ apá dé ìgúnpá ni omi ń kán sójú ẹ̀, ibi tí ẹ̀kán omi bá ti bọ́ sí, lẹ́tà ibẹ̀ á wú á tóbi, mo wá ń rí ọ̀rọ̀ ara mi lábẹ́ omi, "ìyá ẹ" yẹn ló tóbi jù. Mo dúró, mo ń wò ó, omi ń já bọ́ lára mi.

Mo kí rákà méjì. Nígbà tí mo kírun tán tí mo gbọ́wọ́ sókè, ọ̀rọ̀ Ànábì Yaʿqub ló wá sí mi lẹ́nu, innamaa ashkuu baththii wa huznii ilalloh, ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun nìkan ni mò ń kó àròdùn àti ìbànújẹ́ mi lọ, inú Suratu Yusuf ló wà, áyà 86. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún obìnrin yẹn, gbogbo ẹ̀ pátá ni mo sọ fún Ọlọ́hun, ní Yorùbá, mi ò dá ọ̀kan sí, mo sunkún títí. Ẹ má rò pé Lárúbáwá nìkan ni wọ́n fi ń ṣàdúà o. Ilẹ̀ mọ́, mo pa méséèjì yẹn rẹ́, mo kọ òmíì tí ò ju ìlà mẹ́ta lọ, iye tó kù, ọjọ́ tá a fẹnu kò sí, ìgbà wo lẹ máa san án. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi san án tán.

Oníkóńtíráàtì
Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ó ti sú mi kí wọ́n máa sọ fún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ pé kó ní sùúrù, ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ ò sẹ́ni tó ń wàásù fún un. Mo parí iṣẹ́ ẹnì kan, ọdún kan gbáko ó ń sọ pé ọ̀la ọ̀la, mo sì ń rí i tó ń náwó síbòmíì. Ṣé tí mo bá ti ṣe àlùwàlá tán, kí n gbàgbé owó mi ni? Mo fẹ́ mọ̀ tọkàntọkàn ni o, kì í ṣe pé mo ń jiyàn.

Bàbá_Àgbà
Rárá o, ọmọ mi. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ ò sọ ẹ̀sìn fún ẹ. Suratu Shuura, áyà 41, Ọlọ́hun ní ẹni tó bá gba ẹ̀tọ́ ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe àbòsí sí i, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹ̀. Ìgbà tó sọ ìyẹn tán ló wá ní ẹni tó bá ní sùúrù tó ṣàforíjì, ìyẹn wà lára àwọn nǹkan tó gba ìpinnu ọkàn. Méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ànábì sì sọ ọ́ nínú Bukhari pé kí ẹni tó lówó lọ́wọ́ máa fòní dónìí fọ̀la dọ́la lórí gbèsè, àbòsí ni.

Ọkùnrin kan wá sin gbèsè ràkúnmí lọ́dọ̀ Ànábì fúnra ẹ̀, ó sọ̀rọ̀ líle sí i, àwọn sàhábà fẹ́ dojú ìjà kọ ọ́, Ànábì ní ẹ fi í sílẹ̀, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ ló lọ́rọ̀ í sọ. Ó ní kí wọ́n wá ràkúnmí tí ọjọ́ orí ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tiẹ̀ fún un, èyí tó dáa ju tiẹ̀ lọ nìkan ni wọ́n rí, ó ní kí wọ́n fún un. Nítorí náà sọ̀rọ̀, béèrè owó ẹ, mú ẹlẹ́rìí lọ, tó bá gba lọ́yà gba lọ́yà. Èyí tí mo fi ń kìlọ̀ fún ẹ ni pé má lọ lọ́jọ́ tínú ń bí ẹ. Abu Bakrah, sàhábà kan, kọ̀wé sí ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ adájọ́ ní Sijistan pé kó má dájọ́ láàárín èèyàn méjì nígbà tínú bá ń bí i, ó lóun gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì. Adájọ́ tí kì í ṣe owó ẹ̀ ni wọ́n sọ èyí fún, ká má tíì wá sọ ìwọ tó jẹ́ owó ẹ ni.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lọwọ́ ẹni náà ò tó, Suratul Baqarah, áyà 280, ní ká lọ́ ọ lára títí ara á fi dẹ̀ ẹ́, tá a bá sì fi ṣe sàárà fún un, ó lóore jù fún wa. Áyà kejì lẹ́yìn ẹ̀ sì rèé, 282, òun ló gùn jù nínú Àlùkùránì, ọ̀rọ̀ ká kọ gbèsè sílẹ̀ ká pe ẹlẹ́rìí ló dá lé. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ oní-ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àti ọkùnrin yẹn, ṣé ẹ kọ nǹkan kan sílẹ̀?

Oníṣòwò_kan
Bàbá, a ò kọ nǹkan kan. Orí fóònù la ti sọ gbogbo ẹ̀, kò sì san àsansílẹ̀ kankan. Ìyẹn gan-an tún ń dá kún un, mo ń ṣe "tí mo bá ti gbàwé lọ́wọ́ ẹ̀ ni, tí mo bá ti gba díẹ̀ ná ni" títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ọmọ_Kéú
Ẹ̀gbọ́n, "tí mo bá ti" yẹn, ẹ bá mi gbé e jù síbì kan. Ó wà nínú Muslim, Abu Hurayrah ló gbà á wá, pé ká máa lépa ohun tó máa ṣe wá láǹfààní, ká wá ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́hun, ká má kágara, tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ sí wa ká má sọ pé tí mo bá ti ṣe báyìí ni ì bá rí báyìí, ká ní qaddarallaahu wa maa shaa'a faʿal, kádàrá Ọlọ́hun ni, ohun tó wù Ú ló ṣe. Ó ní "tí mo bá ti" máa ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ Ṣàítánì. Kò ní kẹ́ ẹ má kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ o, ìgbà míì ẹ gbàwé, ẹ gba àsansílẹ̀. Èyí tó ti kọjá lọ ló ní ká má máa fi "tí mo bá ti" dárò.

Àdúà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni ti Ummu Salamah, inú Muslim náà ló wà. Innaa lillaahi wa innaa ilayhi roojiʿuun, Allahumma'jurnii fii musiibatii wa akhlif lii khayron minhaa. Ti Ọlọ́hun ni wá, ọ̀dọ̀ Ẹ̀ la sì máa padà sí. Ọlọ́hun, fún mi ní ẹ̀san lórí àjálù mi yìí, kó O sì fi èyí tó dáa jù ú lọ rọ́pò ẹ̀ fún mi. Ọkọ ẹ̀ Abu Salamah ló kú, ó sọ ọ́, àmọ́ ó ń rò ó lọ́kàn pé ta ló tún lè dáa ju Abu Salamah lọ. Ànábì ló wá fẹ́ ẹ. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, pé nígbà tó ń ṣàdúà yẹn gan-an, kò rí ọ̀nà tó máa gbà ṣẹlẹ̀, ó ṣáà sọ ọ́. Ẹ̀yin náà ò ní rí i báyìí pé ọjà wo ló tún lè dáa ju èyí lọ. Ẹ ṣáà sọ ọ́. Ẹ má sì rò pé ikú nìkan ni wọ́n ń ṣe innaa lillaahi sí o, Suratul Baqarah, áyà 155, ka àdínkù dúkìá mọ́ àwọn ìdánwò náà, lẹ́yìn náà ló wá ní àwọn tó ń sọ ọ́ nígbà àjálù ni ìkẹ́ àti àánú Olúwa wọn wà fún.

Ìyá_Ìbejì
Ọmọ_Kéú, Ọlọ́hun á túbọ̀ là ẹ́ lóye. Ti Ummu Salamah yẹn ni mo fi sùn fún odindi oṣù kan.

Olùkọ́_kéú
Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo wa ti sọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ò gba ọjà, kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ọmọ tó mú bírò.

Ẹ lọ ka Suratul Aʿraaf láti áyà 150. Ànábì Musa dé láti orí òkè, ó bá àwọn èèyàn ẹ̀ nídìí ère ọmọ màlúù, inú bí i, ó ju àwọn wàláà sílẹ̀, wàláà tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun wà lára ẹ̀ o, ó gbá orí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Harun mú, ó ń fà á sọ́dọ̀ ara ẹ̀. Harun kọ́ ló sì ṣe ère yẹn. Ó ní kó má ṣe jẹ́ kí àwọn ọ̀tá fi òun ṣẹ̀sín, àwọn èèyàn yẹn ló fojú tín-ín-rín òun, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun. Ẹ wò ó, ìbínú lórí ẹni tó ṣẹ̀, ọwọ́ wá lọ sára ẹni tó sún mọ́ni. Ohun tó ṣe yín gan-an nìyẹn. Kí ni Musa kọ́kọ́ sọ? Robbighfir lii wa li'akhii, Olúwa mi, foríjì mí, kó O foríjì ẹ̀gbọ́n mi. Ara ẹ̀ ló kọ́kọ́ tọrọ fún, ó wá fi orúkọ ẹni tó gbá mú sí i nínú àdúà kan náà.

Nígbà tó wá dé áyà 154, bí Àlùkùránì ṣe sọ ọ́ nìyí, wa lammaa sakata ʿan Muusal ghodob, nígbà tí ìbínú dákẹ́ lára Musa. Ó ní ó dákẹ́! Bí ẹni pé ìbínú yẹn ló ń pariwo lórí ẹ̀ látàárọ̀. Àkọ́kọ́ ohun tó ṣe nígbà tó dákẹ́, ó mú àwọn wàláà tó jù sílẹ̀. Mo máa ń bi ara mi lẹ́yìn ìbínú kọ̀ọ̀kan pé kí ni mo jù sílẹ̀ tí mi ò tíì ṣà. Ẹ̀yin náà, mo rò pé ìdí tí àyà yín fi ń tún gbóná kì í ṣe ti oníbàárà yẹn nìkan. Ẹ lọ bá ọmọ yẹn.

Oníṣòwò_kan
Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, mà. Mo ti pè é lẹ́yìn Alásárì. Mo ṣe é bí mo ṣe ka èyí tẹ́ ẹ kọ, mo kọ́kọ́ ṣàdúà náà fún àwa méjèèjì sókè kó gbọ́, mo wá ní "mo ṣì ẹ́ bú, ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ mí". Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ilẹ̀, ó wá ní "ọ̀gá, páálí mọ́kànlélógún ni mo kà kẹ́ ẹ tó bínú, mi ò mọ̀ bóyá kí n máa kà á lọ." Ọjọ́ kẹta rèé tí nọ́ńbà yẹn ti wà lọ́kàn ẹ̀.

Nǹkan míì ni mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ alfa wa. Lọ́jọ́ yẹn mo fi Ọlọ́hun búra pé mi ò ní kó ọjà sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni mọ́ láyé mi. Bẹ́ẹ̀ bí òwò mi ṣe rí nìyẹn o, kó sílẹ̀ kí wọ́n wá gbé e. Kí ni kí n ṣe?

Alfa_kékeré
Hádíìsì ẹ̀ wà nínú Muslim, pé ẹni tó bá búra tó wá rí i pé òdì-kejì ẹ̀ ló dáa jù, kó ṣe èyí tó dáa jù yẹn, kó san ìtánràn ìbúra ẹ̀. Ìtánràn náà wà nínú Suratul Maaidah, áyà 89, ẹ ó bọ́ tálákà mẹ́wàá irú oúnjẹ tẹ́ ẹ̀ ń fún ará ilé yín, àbí kẹ́ ẹ wọ̀ wọ́n láṣọ, áyà náà tún dárúkọ títú ẹrú sílẹ̀, ẹni tí ò bá ní agbára ìyẹn ló máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má kọ́kọ́ sáré síbi ààwẹ̀ tágbára ti bíbọ́ bá wà.

Ẹ̀yin nìkan kọ́ o. Abu Bakr náà, ọ̀rẹ́ Ànábì tímọ́tímọ́, nígbà tí Mistah tó jẹ́ ẹbí ẹ̀ tó ń gbọ́ bùkátà lé lórí dá sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ba ọmọ ẹ̀ Aishah, ìyàwó Ànábì, lórúkọ jẹ́, inú bí i, ó búra pé òun ò ní fún un ní nǹkan kan mọ́. Áyà 22 nínú Suratun Nuur wá sọ̀ kalẹ̀, ṣé ẹ ò fẹ́ kí Ọlọ́hun foríjì yín ni? Abu Bakr ní òun fẹ́, ó dá owó náà padà fún Mistah.

Bàbá_Àgbà
Níwọ̀n ìgbà tá a ti dórí ọ̀rọ̀ ẹnu, mo fẹ́ bẹ gbogbo yín lórí èpè. Ẹ má ṣépè fún ara yín, fún àwọn ọmọ yín, fún dúkìá yín, Ànábì ló kọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú Muslim, ká má lọ ṣe kòńgẹ́ wákàtí tí Ọlọ́hun ń gba àdúà. Ràkúnmí ara ẹ̀ tó ń gùn lọ ni ọkùnrin kan ṣépè fún nítorí pé ó ń falẹ̀, Ànábì ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó má fi ohun tí wọ́n ti ṣépè fún bá àwọn rìn. Ẹni tó bá sọ pé "òwò burúkú yìí, ọlọ́hun má jẹ́ kó gbèrú", èpè ló ń ṣẹ́ fún ràkúnmí ẹ̀ yẹn.

Oníkóńtíráàtì
Bàbá, mo ti sọ gbólóhùn yẹn rí. Astaghfirulloh.

Nọ́ọ̀sì_Ìyá
Kí n sọ tèmi kíákíá. Tí ìbínú náà bá kọjá ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tẹ́ ò rí oorun sùn, tí àyà ń dùn yín, tí orí ń fọ́, tàbí tẹ́ ẹ bá ń ronú láti ṣe ara yín tàbí ẹlòmíì ní jàǹbá, ẹ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò. Lílọ sọ́dọ̀ dókítà ò dí àdúà lọ́wọ́.

Ọmọ_Kéú
Ẹ̀gbọ́n tó yáwó, ẹ má gbàgbé ti gbèsè náà. Anas, sàhábà kan, ní òun máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì lemọ́lemọ́, ó wà nínú Bukhari. Allahumma innii aʿuudhu bika minal hammi wal hazan, wal ʿajzi wal kasal, wal bukhli wal jubn, wa dolaʿid-dayni wa gholabatir-rijaal. Ìrònú àti ìbànújẹ́, àìlágbára àti ọ̀lẹ, ahun àti ojo, ìnira gbèsè àti kí àwọn èèyàn máa fi agbára borí ẹni. Ẹ wo bó ṣe to gbogbo ohun tó bá yín lọ́sẹ̀ yìí jọ. Kẹ́ ẹ sì tètè lọ bá ẹni tó yá yín lówó kó tó di pé ó pè yín, ẹ ṣàlàyé fún un.

Tẹ́ ẹ bá sì ń rò ó pé kẹ́ ẹ fi òwò sílẹ̀, ẹ rántí Abdur-Rahman ọmọ Awf, sàhábà kan. Ó dé Mẹ̀dínà, Saʿd ọmọ Rabiʿ, ará Mẹ̀dínà, ní òun á pín dúkìá òun sí méjì fún un, Abdur-Rahman ní kí Ọlọ́hun bù sí i fún un, kí wọ́n ṣáà júwe ọjà fún òun. Wọ́n júwe ọjà Qaynuqaʿ fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Oníṣòwò_kan
Mo ti pe ẹni tó yá mi lówó. Ó pariwo díẹ̀, ó sì fún mi láyè. Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Ìbínú náà ò tíì tán o, mi ò ní parọ́, àmọ́ ó ti ń dákẹ́ fún wákàtí bíi mélòó kan kó tó tún sọ̀rọ̀. Ṣé àdúà kúkúrú kan wà tí mo lè kọ síbi tí ojú mi á ti máa rí i kí n tó gbé fóònù?

Olùkọ́_kéú
Ó wà. Inú àdúà kan tí Ammar ọmọ Yasir gbà wá lọ́dọ̀ Ànábì ló wà, Nasaai, òun náà kó hádíìsì jọ, ló gbé e wá, ó gùn, ẹ mú apá ibí yìí:

Wa as'aluka kalimatal haqqi fir-ridoo wal ghodob, wa as'alukal qosda fil faqri wal ghinaa.

Mo ń tọrọ ọ̀rọ̀ òdodo lọ́wọ́ Rẹ nígbà tínú mi bá dùn àti nígbà tínú bá ń bí mi, mo sì ń tọrọ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́wọ́ Rẹ nígbà àìní àti nígbà ọrọ̀.

Oníṣòwò_kan
Ọmọ yẹn ló bá mi kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Ó fi bírò yẹn kọ ọ́ sára páálí tó ya, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ káńtà, ibi tí mo lù yẹn gan-an. Ọjọ́bọ̀ ni màá pe ọkùnrin náà, lẹ́yìn Àyìlá. Màá kọ ohun tí mo fẹ́ bá a sọ sílẹ̀ ná.